Nígbà tí àwọn Latino bá ń sá fún insulin

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston. Wọ́n ní kí n máa dá àwọn àgbàlagbà Latino, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Latin America, tó ní àtọ̀gbẹ lẹ́kọ̀ọ́. Mo fún wọn ní ìwé Spanish, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò fẹ́ gún abẹ́rẹ́ insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní ó ń fọ́ni lójú. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ: ìyá ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ insulin, kò pẹ́ kò jìnnà, ojú lọ. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni àtọ̀gbẹ ti wà lára ìyá náà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ṣúgà tó ga lẹ́jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ló ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́, kì í sì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Kí insulin tó dé, ojú ti ń bàjẹ́ tipẹ́. Ẹ má sì fi èyí pa mọ́ fún wọn: bí ṣúgà tó ti ga tipẹ́ bá já wálẹ̀ kíákíá, ojú tó ti ní àìsàn lè burú sí i fúngbà díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti sá fún insulin. Ìdí láti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ni, lọ́dọọdún.

Ní ti oúnjẹ, ẹ bèèrè ibi tí kálukú ti wá. Tortilla àgbàdo, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ni ti ará Mexico. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ti ará Cuba àti Puerto Rico. Tortilla kan tó fẹ̀ tó ínṣì 6, tàbí ìdámẹ́ta ife ìrẹsì jíjinná, ní nǹkan bíi gíráàmù 15 carbohydrate, ìyẹn èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà lẹ́jẹ̀. Ẹ gbé ife ìwọ̀n wá, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bu ìrẹsì náà. Agolo Coca-Cola oní-ounce 12 ní ṣúgà gíráàmù 39: ẹ ka ṣíbí tíì bíi 10 sínú gíláàsì lójú wọn.

Ẹni tó bá ń jẹ nopal, ìyẹn cactus ẹlẹ́gùn-ún táwọn ará Mexico ń jẹ, ẹ má dá a lẹ́kun, ẹ̀fọ́ ni. Kó má ṣáà torí ẹ̀ pa oògùn tì, kó sì máa wọn ṣúgà ẹ̀.

Bí ọsibítù yín bá ní promotora, ìyẹn obìnrin àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera, òun ni kó ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹ pe ẹni tó ń dáná nílé wá pẹ̀lú.

Ẹ má béèrè pé “ṣó yé yín?” Bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa gbọ́, torí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní kí aláìsàn fa omi sínú abẹ́rẹ́ níṣojú yín, kó máa ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Ibi tó bá ti ṣì í, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún kọ́ ọ.