Kí ẹ tó mú ìyá àti àwọn ọmọ lọ wo Gbọ̀ngàn Centenary ní Aké

Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò dára láti mú ìyá yín tó ti dàgbà àti àwọn ọmọ mẹ́ta láti Èkó wá wo Gbọ̀ngàn Centenary ní Aké, ní Abẹ́òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ ìnáwó ni.

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí èmi fẹ́ mú àwọn ọmọ àbúrò mi lọ, mo rò pé ó yẹ kí n tọrọ àyè lọ́nà ẹ̀tọ́, mo sì kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ní kí n lọ gba òǹtẹ̀ wá. Ní Ọjọ́rú, wọ́n ní òǹtẹ̀ náà kò sí níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo rí lẹ́tà mi lábẹ́ ife tíì ọ̀gá, ìdí ife ti ya òbìrí sórí orúkọ mi, síbẹ̀ akọ̀wé tẹnu mọ́ ọn pé lẹ́tà náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Inú bí mi, mo kó àwọn ọmọ lọ lọ́jọ́ kejì. Kánópì ni a bá lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ orin ń dún gbì-gbì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní afinimọ̀nà sì gbowó lọ́wọ́ mi kó tó sọ fún àwọn ọmọ pé ọba òyìnbó ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà fún. Irọ́ ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ni wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀ ní 1930, nítorí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé abẹ́ Olúmọ. Adémọ́lá Kejì ló sì wà lórí oyè Aláké nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ nílé.

Láti ibùdókọ̀ Kútọ̀, ẹ wọ takisí Aké. Bí ẹ bá bá rélùwéè wá, Ládérin ni ẹ ó ti sọ̀, ó sì jìnnà sí àárín ìlú, nítorí náà ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ má fojú fo ààfin Aké, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti kóra jọ ní 1947 lórí ọ̀rọ̀ owó-orí, ṣùgbọ́n ẹ gbàyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1846, ni mo rò pé yóò wu ìyá yín jù.

Èmi fúnra mi padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láìsí lẹ́tà kankan lọ́wọ́ mi. Mo kí bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dáadáa, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa.