Gílóòbù ló burú ni, àbí dímà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníná. Ìlú Oǹdó ni mò ń gbé. Ìyá mi, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, wà lọ́dọ̀ mi. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù máa ń ta wọ́n lójú, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fẹ́ òkùnkùn, nítorí wọ́n máa ń dìde lóru. Mo ní kí oníná wa bá mi fi súwìṣì tó ń dín iná kù sí pálọ̀, kó sì wá fi òmíràn sí yàrá wọn tó bá yá. Gílóòbù LED 6 ló wà ní pálọ̀, wáàtì 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tó ti fi í, tí mo bá yí i sílẹ̀ báyìí, àwọn gílóòbù á máa ṣẹ́jú, súwìṣì á máa kùn bí oyin. Tí mo bá pa á pátápátá, wọ́n ṣì máa ń tàn bàìbàì. Ọ̀kan ti kú. Oníná ní gílóòbù tí mo rà ni kò dáa; ẹni tó tà á fún mi ní súwìṣì tí oníná rà ló jẹ́ ayédèrú. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n kúkú ní kó yọ ọ́ ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ilé o, mà, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa.

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jà nínú àwọn méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí gílóòbù yín jẹ́ ojúlówó, kí súwìṣì náà, tí àwa oníná ń pè ní dímà, jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ kí wọ́n má bára wọn mu. Mo máa ń rí i gan-an níbí ní Àkúrẹ́, ó sì máa ń dùn mí, torí owó ló ń ṣòfò lórí ohun tí ìbéèrè méjì péré ní ṣọ́ọ̀bù ì bá ti yanjú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Gílóòbù 6, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 54. Ẹ ní kí oníná yín pa iná láti ìdí mítà, kó tú ojú dímà yẹn, kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí mo fọkàn sí pé ẹ máa bá níbẹ̀ ni nǹkan bíi 60–400W. Ohun tó ń sọ ni pé ẹrù, ìyẹn àpapọ̀ wáàtì gbogbo gílóòbù tó wà lórí rẹ̀, tó bá kéré sí 60 kò tó o láti dúró ṣiṣẹ́, èyí tó bá sì ju 400 lọ á pa á lára. Tiyín ò tó 60 nígbà tí gbogbo wọn bá tàn pátá. Tí ẹ bá tún wá yí i sílẹ̀ ńkọ́? Gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní irin tín-ín-rín nínú, tí èèyàn ò lè fọwọ́ kàn tó bá ti tàn, wáàtì 60 ni ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń jẹ. Mẹ́fà irú rẹ̀ nínú pálọ̀ yín á jẹ́ 360. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dímà yẹn fún. Ní 1959 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Joel Spira ṣe dímà tó kéré tó láti wọ inú àpótí súwìṣì ara ògiri, kò sì sí ilé kankan tí LED ń tàn nígbà yẹn. Irú dímà àtijọ́ náà ṣì pọ̀ lọ́jà títí di òní, nítorí kò wọ́n.

Tí ẹ bá mọ bí dímà ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní ṣi èyí tẹ́ ẹ máa rà mú. Iná tó ń wọ ilé wa kì í ṣàn lọ tààrà bí omi ẹ̀rọ. Ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ń wú nígbà àlọ, ó tún ń wú nígbà àbọ̀, ìyẹn ni ìgbà 100. Ẹ fi ojú iṣu kan wo wíwú kọ̀ọ̀kan. Dímà kì í sọ iṣu di kékeré. Gígé ló ń gé e kó tó gbé e fún gílóòbù. Irú dímà kan wà tó ń gé orí iṣu dànù, tó ń fún gílóòbù ní ìdí. Òmíràn á jẹ́ kí orí kọjá, á wá gé ìdí. Lára páálí, leading edge ni wọ́n ń kọ sára èyí tó ń gé orí, trailing edge sára èyí tó ń gé ìdí.

Kò sí ohun tó kan gílóòbù àtijọ́ nínú ìyẹn. Irin gbígbóná ni. Kó tó ráyè tutù, iṣu mìíràn ti dé. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdí gílóòbù LED, ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń gba iná, tó ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú kàpásítọ̀, tó sì ń bù ú fún LED níwọ̀nba. Bí dímà bá ń gé orí iṣu, iná á máa já lu ẹ̀rọ yìí lójijì, ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kíkùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Tí ẹ̀rọ náà kò bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún dímà, kò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ dín kù. Ó rò pé iná ò gbé tó ni, á wá máa fipá fà sí i kí ìmọ́lẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. Dímà ń fà á wálẹ̀, gílóòbù ń fà á lọ sókè. Ohun tó ń mú wọn ṣẹ́jú nìyẹn, ibẹ̀ náà ni èyí tó kú gbà lọ.

Nítorí náà, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó wá dímà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ dimmable lára páálí. Tí ẹ bá rí non-dimmable, tàbí tí wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kì í ṣe fún dímà, bó ti wù kó dára tó. Kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ irú kan náà, láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ má fi èyí tó kù nílé ti tuntun lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ béèrè dímà trailing edge tí wọ́n kọ LED sí lára, tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5 tàbí 10. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà òkè tó tóbi tàn yín jẹ. Dímà àtijọ́ tí wọ́n kọ 400 sí, tó bá di ti LED, ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 40, ni mo máa ń kà á sí, nítorí LED máa ń já iná gbà lójijì. Ẹ wá rí i pé dímà tó wà lára ògiri yín kò bá 54 yín mu lókè, kò bá a mu nísàlẹ̀. Àwọn tuntun máa ń kọ iye tí wọ́n lè gbé nínú LED lọ́tọ̀. Òun ni kí ẹ wò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan méjèèjì pọ̀ níwájú yín. Pákó kékeré kan wà nínú àpò iṣẹ́ mi tí mo kan ojú gílóòbù méjì mọ́, tí mo so wáyà àti púlọ́ọ̀gì mọ́ ọn, tí mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wáyà náà níbi tí mo ti ń so dímà. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, màá so dímà wọn mọ́ ọn, màá fi gílóòbù méjì sí i, màá wá yí i láti òkè wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dín iná sítóòfù kù. Màá gbé etí sún mọ́ ọn. Màá tún tan kámẹ́rà fóònù mi, màá kọ ọ́ sí gílóòbù: tí ìlà dúdú bá ń sáré kọjá lójú fóònù, gílóòbù yẹn ń ṣẹ́jú bí ojú yín ò tiẹ̀ rí i. Tí ọlọ́jà bá kọ̀ pé òun ò gbà kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Tí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n bá wà ní òkè òkun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ṣọ́ra. Iná fólítì 120 ni wọ́n ń lò ní ilé Amẹ́ríkà, tiwa lé ní 220. Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, níbi tí wọ́n ti fi dímà tó ti ọ̀hún wá sára ògiri. Kí n tó dé, ojú rẹ̀ ti rọ̀ bí àbẹ́là, òórùn rọ́bà gba gbogbo yàrá. Ọpẹ́ ni pé wọ́n wà nílé. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu, nítorí fólítì 230 ni tiwọn, ìgbà 50 náà ni iná wọn sì ń lọ bọ̀.

Ní ti gílóòbù tó ń tàn bàìbàì lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní léwu, òun ni kí oníná yín kọ́kọ́ wò: kó fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà láìfù, èyí tó ń gbé iná wá, ni dímà náà gé tàbí nútírà, èyí tí iná ń bá padà. Tó bá jẹ́ nútírà, iná ṣì wà lójú gílóòbù nígbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pa á, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù lè fara gbá a. Mo ti bá a nínú ọ̀pọ̀ ilé, títí kan àwọn ilé ńlá. Èkejì ni pé àwọn dímà kan máa ń jẹ́ kí iná bíńtín jò kọjá bí wọ́n bá tiẹ̀ wà ní pípa. Gílóòbù àtijọ́ ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ ti tó LED láti tàn. Dímà tó bá a mu sábà máa ń wò ó sàn. Tó bá kù díẹ̀, wọ́n ń ta ẹ̀rọ bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní bypass, tí oníná máa so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan lára àwọn gílóòbù náà, tí á máa gba iná tó ń jò yẹn.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ kan dímà rárá. Gílóòbù tó ní bátìrì nínú, èyí tó ń tàn nìṣó tí wọ́n bá mú iná, dímà máa ń bà á jẹ́. Gílóòbù tí ẹ ń fi fóònù darí náà ò fẹ́ ẹ. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi régúlétọ̀ fáànù ṣe dímà fún yín, tàbí kó fi dímà ṣe régúlétọ̀. Mọ́tò fáànù á máa kùn, á máa gbóná, ọjọ́ rẹ̀ á sì kúrú. Tí ẹ bá ní ínfátà, ẹ béèrè bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń wú bíi ti iná ìjọba. Tí kì í bá ṣe òun, dímà kò ní rí iṣu gidi tó máa gé, gbogbo nǹkan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ yàrá ìyá, torí òun gan-an ló ká mi lára jù. Èmi ò ní fi dímà síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀. Gílóòbù tó pọ̀ jù lọ́jà wa ni funfun gbòò tí wọ́n kọ 6500K sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì máa gún ojú àgbàlagbà. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, tó pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà. Ẹ tún ní kí oníná so gílóòbù wáàtì 3 kan sílẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ògiri ní ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kí súwìṣì rẹ̀ dá wà níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló yẹ kó mọ́lẹ̀; bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti òkè àjà bọ̀ lóru, ojú ló ń dí mọ́ wọn. Owó rẹ̀ kò tó ti dímà, kò sì sí ohun tó máa kùn.

Fún pálọ̀, ẹ fi dímà tuntun sí i. Kí oníná wo bí àpótí inú ògiri ṣe jìn tó kó tó lọ rà á, nítorí ẹ̀yìn dímà nípọn ju ti súwìṣì lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ fipá tì í wọlé, torí ó máa ń gbóná díẹ̀. Tí súwìṣì méjì bá ń darí iná pálọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà méjì, dímà kan ṣoṣo ni kó fi síbẹ̀, kí ìkejì jẹ́ súwìṣì lásán.

Síkúrù bíńtín kan máa ń wà lára dímà LED tó dára, ní ẹ̀gbẹ́ tàbí lábẹ́ ojú rẹ̀. Òun ló ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa lọ sílẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ oníná kì í fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń parí iṣẹ́. Kó yí dímà sílẹ̀ pátápátá, kó wá fi orí tẹ́sítà yí síkúrù náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo gílóòbù á fi dákẹ́, tí ọ̀kan kankan ò ní ṣẹ́jú mọ́. Kò pọn dandan kó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jù: tí ìmọ́lẹ̀ bá kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ojú èèyàn ṣì máa ń rí i bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kó ṣe é lálẹ́, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ìyá sì wà lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ibi tí wọ́n bá ti ní ó tó, ibẹ̀ ni kó fi síkúrù náà sí.