Yanjú fọ́ńtì àti àmì ohùn kí ayàwòrán tó fa ìlà kan

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O wà ní London, o fẹ́ ṣe ìwé àwòrán ìtàn nípa Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, tòun ti idán àti àwọn òrìṣà. Ayàwòrán rẹ wà ní Èkó, ibẹ̀ náà lo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí. O ní ṣé kí apá kìíní jẹ́ ojú-ìwé 22 ni tàbí 30.

Má mú ìkankan nínú méjèèjì. Ìwé tí wọ́n fi píìnì gún láàárín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, torí bébà kan tí a ṣẹ́ po ti di ojú-ìwé mẹ́rin. Ṣe 24, kí èèpo ìwé wà lọ́tọ̀. Bí o bá gbé 30 lọ, wọn yóò fi òfìfo méjì kún un, owó rẹ ni wọn yóò sì fi ra bébà rẹ̀.

Ìyẹn kò le. Ohun tí o kò béèrè ni yóò ba ìwé náà jẹ́, ìyẹn àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà rẹ̀ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́ńtì (ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà) tí wọ́n ń tà fún ọ̀rọ̀ inú bálúùnù, ìyẹn àyíká tí ọ̀rọ̀ ẹni inú àwòrán máa ń wà, lẹ́tà ńlá nìkan ló wà nínú wọn. Wọ́n ní É àti È nítorí èdè Faransé, ṣùgbọ́n Ẹ, Ọ àti Ṣ kì í sábà sí níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá dé ibi tí lẹ́tà kò sí, yóò yá a lọ́wọ́ fọ́ńtì mìíràn láìsọ fún ọ. O ó kàn rí ỌBÀLÙFỌ̀N tí Ọ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn lẹ́tà tó kù sì ki. Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́ àti Ọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB8. Ọ ní U+1ECC. Ṣ ní U+1E62. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún Ẹ́ lódindi. U+1EB8 ni wọ́n ń kọ, kí U+0301 tẹ̀ lé e fún ohùn òkè, tàbí U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Bí ẹni tó ṣe é kò bá fi ibi ìdúró sí i, àmì yóò já bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó gún Ọ láàárín.

Nítorí náà, kí o tó ra fọ́ńtì kankan, tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀: ỌBÀLÙFỌ̀N, Ọ̀RÀNMÍYÀN, ṢẸ́GUN, Ẹ̀LÀ, ǸJẸ́, Ọ̀YỌ́. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n 8 póíǹtì tí yóò ní nínú ìwé. Má fi ojú skríìnì ṣèdájọ́, nítorí lórí skríìnì o ti fà á tóbi, àmì tó tín-ín-rín jù yóò sì pòórá lórí bébà. Noto Sans, Gentium àti Charis ń gbé gbogbo àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n, àmọ́ wọ́n jọ ìwé ilé-ìwé. Bí o bá fẹ́ èyí tó jọ ọwọ́ ènìyàn, wá fọ́ńtì tó wà lábẹ́ SIL Open Font License, torí ìwé àṣẹ yẹn gbà ọ́ láàyè láti tún un ṣe. Yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tí wọ́n ń tà kò gba àtúnṣe, kọ̀wé sí ẹni tó ni ín ná. Ṣí i nínú FontForge, sófíwià tí a fi ń tún fọ́ńtì ṣe; òun náà ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà ńlá 19 péré lo nílò: À Á È É Ì Í Ò Ó Ù Ú, Ẹ Ẹ̀ Ẹ́, Ọ Ọ̀ Ọ́, Ṣ, Ń Ǹ. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fi anchor, ìyẹn ibi ìdúró àmì, sórí Ẹ àti Ọ, fi irú rẹ̀ kan náà sí ìdí àmì ohùn, kí wọ́n lè bá ara wọn mu.

Àyè àárín ìlà ló kù. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ní 8 póíǹtì lè jókòó lórí ìlà 9 póíǹtì. Yorùbá kò lè gba bẹ́ẹ̀, nítorí àmì abẹ́ Ọ ti ìlà òkè yóò kọlu àmì orí Ẹ́ ti ìlà ìsàlẹ̀. Fún un ní 11. Ìlà mẹ́rin tó ń gba 36 póíǹtì yóò wá gba 44, bálúùnù yóò sì ga sókè bákan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ ti wà lórí àwòrán àkọ́kọ́ tí ayàwòrán fi pẹ́ńsù ṣe, kí bálúùnù má baà bo ojú ọba mọ́lẹ̀ tó bá yá.

Má kọ ọ̀rọ̀ sínú sófíwià tí ayàwòrán fi ń kun àwọ̀. Inkscape, Scribus tàbí InDesign ni kí o lò. Nínú InDesign, yan Adobe World-Ready Paragraph Composer, kí àmì má baà sún kúrò láyè rẹ̀. Kí dúdú ọ̀rọ̀ jẹ́ K 100 nìkan, ìyẹn yíǹkì dúdú láìsí àwọ̀ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ àpapọ̀ àwọ̀ mẹ́rin, tí pílétì ìtẹ̀wé sì yẹ̀ díẹ̀, gbogbo àmì kékeré yóò ní òjìji pupa.

Ó ku àwọn atẹ̀wé. Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibí yìí. Ní Ṣómólú ní Èkó, o lè gbé PDF tó mọ́ tónítóní fún wọn, kí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ṣí i nínú CorelDRAW láti to ojú-ìwé. Fọ́ńtì rẹ kò sí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, CorelDRAW yóò sì fi òmíràn rọ́pò. Nígbà tí o bá fi àṣìṣe náà hàn án, yóò ní kí o yọ àwọn àmì náà kúrò, pé Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni! Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ní London tí ó ń kọ́ èdè láti inú ìwé rẹ kò ní mọ̀ ọ́n kà. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olóòtú àgbà lókè òkun náà ń sọ irú rẹ̀, pé àmì yóò dẹ́rù ba òǹrajà. Má gbọ́. Sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di outline, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kò nílò fọ́ńtì mọ́, lórí ẹ̀dà kejì, tọ́jú ẹ̀dà kìíní tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé tún kọ, kí PDF tí o bá fún wọn má ní fọ́ńtì kankan nínú. Gba prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò, lórí bébà, ka gbogbo bálúùnù sókè, kí o tó san ìyókù owó.

Bí o bá fẹ́ ìwọ̀n ìwé àwòrán ti Amẹ́ríkà, 6.625 sí 10.25 ínṣì ni. Fi 0.125 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ibi gígé; ní 300 dpi (píksẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínṣì kan), fáìlì yóò jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 2063 sí 3150.

Mo rí i pé o lẹ orí bàbà Ifẹ̀ tó wà ní British Museum mọ́ èèpo ìwé rẹ. Yọ ọ́. Wọ́n wú orí náà ní agbo ilé Wúnmọníje ní 1938, ó sì dé London ní 1939. Ẹni tó rọ ọ́ kò ní ẹ̀tọ́ kankan tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ rẹ mọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò náà ní olówó. Lábẹ́ àṣẹ ìlò CC BY-NC-SA ni ilé náà fi í sílẹ̀, ìwé títà kò sì sí nínú rẹ̀. Ó dùn mí pé ọmọ Oòduà ń sanwó kí ó tó lè lo àwòrán orí Ifẹ̀, àmọ́ bí ó ṣe wà nìyẹn. Wo fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o fi ọwọ́ ara rẹ yà á. Má sì fi ìlà ojú tín-ín-rín yẹn sójú gbogbo ènìyàn, nítorí àwọn orí Ifẹ̀ kan dán láìní ìlà kankan. Metropolitan Museum ní New York ti fi ọ̀pọ̀ fọ́tò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá láti 2017, títí kan ti ìwé títà.

Ìtàn idán ni o ń kọ, mo gbà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀bà láàfin Ifẹ̀ ní nǹkan bí 1300. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, tòmátì àti ata wẹ́wẹ́ ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí dé. Gbé iyán kalẹ̀, ẹ̀wà, ilá, epo pupa, obì. Yọ ánkárá náà, lẹ́yìn 1850 ló dé ọ̀dọ̀ wa. Fi aṣọ òfì sí i, kí o da ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì aláwọ̀ búlúù lé ọrùn wọn: ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì náà. Ilẹ̀ àgbàlá náà kì í ṣe erùpẹ̀ lásán. Àfọ́kù ìkòkò ni, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n tò ó sún mọ́ra, ìlà kan síhìn-ín, ìlà kan sọ́hùn-ún, bí egungun ẹja. Pírámídì tí o fi sẹ́yìn ìlú, ti Mẹ́róè ní Sudan ni, àwọn tó kọ́ ọ sì ti lọ tipẹ́ kí bàbà Ifẹ̀ tó wáyé. Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, jẹ́ kí arìnrìn-àjò kan ròyìn rẹ̀.

Kí ayàwòrán náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin Britain ti 1988 àti ti Nàìjíríà ti 2022, sísan owó kò sọ àwòrán di tìrẹ. Òun ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí yóò fi gbé e fún ọ nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Má gbẹ́kẹ̀ lé WhatsApp nìkan. Kọ iye owó ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ ìsanwó, orúkọ rẹ̀ lórí èèpo ìwé. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé yóò gbé fáìlì tí lẹ́yà rẹ̀ (ìpele àwòrán àti bálúùnù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) pé fún ọ kí o tó san ìdá tó kẹ́yìn, nítorí bí o bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà Potogí fún Bahia ní Brazil lọ́la, tí ó jẹ́ JPEG nìkan ló fún ọ, gbogbo bálúùnù ti lẹ̀ mọ́ àwòrán nìyẹn.