"Agbe ló laró": ṣé aró yẹn náà ni wọ́n fi ń rẹ sẹ́ẹ̀lì ní láàbù?

Ìyá kan ní Kubwa ló bèèrè: "Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù l'Abuja fi fọ́tò kan hàn mí. Gbogbo ẹ̀ dúdú kirimú, àfi nǹkan róbótó-róbótó aláwọ̀ búlúù tó ń tàn. Ó ní aró ni àwọn fi rẹ sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀. Mo ní ṣé aró 'agbe ló laró' ni? Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni gbólóhùn yẹn tiẹ̀ túmọ̀ sí?"

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ìwúre ni. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹni tí nǹkan wọ́n ló ń ráhùn. Agbe kò ra aró lọ́jà, ara ẹ̀ ló bá a wáyé. Ẹ wo àwọn lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù Fúlàní lẹ́bàá títì Lugbe nínú eruku ọ̀gbẹlẹ̀: ta ló ń bá wọn wá ẹfun? Bẹ́ẹ̀ là ń tọrọ kí owó àti ọmọ rí fún wa.

Ọmọ yín ò ṣìsọ o. "Rẹ" ló wí, kò wí pé "kùn". Osùn là ń kùn, ojú awọ ló ń mọ. Aró gbọ́dọ̀ wọnú òwú. Tí ẹ bá dé Kofar Mata ní Kano, ibi kòtò aró tí wọ́n kọ 1498 sí, ẹ ó rí i pé aṣọ á kọ́kọ́ jáde bí àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó ju fọ́tò láàbù lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe aró yẹn ni ti láàbù: aró kan tó ń jẹ́ DAPI ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1971, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran èèyàn àti màlúù. Nínú omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn. Ìgbà tó bá lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó gbé àkọsílẹ̀ àbímọ́, tí wọ́n tan iná ultraviolet tí ojú kì í rí sí i, ló ń yọ búlúù. Inú kóró sẹ́ẹ̀lì sì ni DNA pọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí róbótó-róbótó. Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe agbe ṣá; aró àyálò ló fi ń tàn.

Fáírọ́ọ̀sì mpox ní DNA tiẹ̀, ìta kóró ló sì ti ń bí sí i, nítorí náà aró á mú òun náà: àmì búlúù kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró. Ti èèyi máa ń da sẹ́ẹ̀lì pọ̀ di ọ̀kan, kóró á wá kún inú ẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ti ibà Lassa kò ní DNA, DAPI ò lè fi í hàn. Àwọ̀ mìíràn tó dá a mọ̀ ni wọ́n á fi kún un.

Tó bá tún gbé fọ́tò wá, ẹ bi í bóyá àmì kankan wà níta kóró.