Níbo Ni Perry Mason Wà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi àwo fídíò sáà kẹfà Perry Mason, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa agbẹjọ́rò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ránṣẹ́ sí mi. Mo ń wò ó lọ ní tèmi, àfi bí mo ṣe rí i pé obìnrin kan ló dìde níwájú adájọ́ láti gbèjà olùjẹ́jọ́, tí Mason fúnra rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ṣé wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún dé tí n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá tí wọ́n ní ó máa ń dá ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà? (Òǹkàwé wa kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Wọn kò rọ́pò rẹ̀ o. Àìsàn ló dé lóòótọ́. Ní ìparí ọdún 1962 ni Raymond Burr, tó ń ṣe Mason, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS kò lè ṣàì gbé eré jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n wá fi ìran ráńpẹ́ hàn níbi tí Mason ti wà lórí ibùsùn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ lé àwọn agbẹjọ́rò mìíràn lọ́wọ́. Ìpín mẹ́rin péré ni irú rẹ̀, nínú méjìdínlọ́gbọ̀n tí sáà náà ní.

Bette Davis ni obìnrin tí ẹ rí, òṣèré sinimá tó ti gba Oscar lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó débẹ̀. Ìpín tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1963. Opó agbẹjọ́rò kan ló ṣe, tí òun náà sì mọ òfin dáadáa. Michael Rennie, Hugh O'Brian àti Walter Pidgeon ló tẹ̀ lé e nínú oṣù kejì. Lójú tèmi, Davis nìkan ló wọlé bí ẹni tó ni ilé. Àwọn yòókù dà bí àlejò tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Ohun tó gba eré náà là nígbà yẹn ni àwọn tó yí Mason ká, tí a kì í sábà dárúkọ. Barbara Hale, tó ń ṣe Della Street akọ̀wé rẹ̀, ti gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní ọdún 1959. William Hopper, tó ń ṣe Paul Drake ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti dán ipò Mason wò rí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, nígbà tó jẹ́ pé ipò Hamilton Burger, agbẹjọ́rò ìjọba, ni Burr kọ́kọ́ wá dán wò! William Talman ni Burger bọ́ sí lọ́wọ́. CBS lé e ní ọdún 1960 nítorí ẹ̀sùn kan. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, síbẹ̀ àfìgbà tí àwọn òǹwòran kọ lẹ́tà jọjọ kí wọ́n tó gbà á padà lọ́dún náà. Ọkùnrin tó ń fìdí rẹmi lọ́wọ́ Mason lójú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní ti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá, ìjókòó àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ inú eré náà, níbi tí adájọ́ kan ṣoṣo ti ń wò ó bóyá ẹ̀rí ìjọba tó láti gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Mason kì í jẹ́ kó débẹ̀, torí pé apànìyàn gan-an á ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbìmọ̀ náà dáadáa, ẹ ní kí ọmọ yín fi sáà keje ránṣẹ́. Ìpín kẹrin rẹ̀, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dá oníbàárà Mason lẹ́bi ìpànìyàn, tí Mason sì jókòó ti obìnrin náà, tí kò rí nǹkan kan ṣe sí i.