Ṣé wọn ò ti gé erìgì mi jù báyìí?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi la yọ eyín tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, èyí tó sùn sínú erìgì, àmọ́ dókítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é. Tàbúrò mi, erìgì etí eyín nìkan ni wọ́n gé, tèmi wọ́n tún fa abẹ wálẹ̀ síhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kẹta rèé, ẹ̀kẹ́ mi wú, nǹkan funfun sì bo ojú egbò. Ṣé wọn ò gé mi jù? Ìyá Ìbejì, Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira. Gígùn abẹ kọ́ ló ń mú kí egbò pẹ́ o, torí etí kan sí etí kejì ni erìgì fi ń lẹ̀ mọ́ra, kì í ṣe láti orí dé ìdí, gígùn àti kúkúrú tí wọ́n bá ti rán dáadáa lè jọ jiná ni. Wọ́n fa abẹ wálẹ̀ kí wọ́n lè rí eyín yẹn kedere, torí tí àyè ò bá tó tí wọ́n wá ń fi ipá fa erìgì, etí ẹ̀ á ya wúruwùru, ìyẹn gan-an ló ń pẹ́ kó tó jiná. Irú tiyín lè wú ju tàbúrò yín lọ díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni wíwú máa ń le jù kó tó máa rọlẹ̀.

Ohun témi máa ń wò ni ìdí awẹ́ erìgì tí wọ́n ṣí sókè. Ibẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju orí lọ, tó bá tín-ín-rín, orí ẹ̀ á kọ́kọ́ funfun, á dúdú, á wá kú. Ojú ibi tí wọ́n rán gbọ́dọ̀ sinmi lórí eegun, tó bá jẹ́ orí ihò tí eyín ti kúrò ló wà á rì wọlé, á sì ṣí. Okùn náà, tí wọ́n bá fà á le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Àwọn kan á ní léésà, ìyẹn iná tí wọ́n fi ń gé ẹran ara dípò abẹ, ló dáa jù, lóòótọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ẹ̀ ń jó etí erìgì, abẹ lásán ló sábà máa ń yá jiná.

Nǹkan funfun yẹn, bí ò bá rùn, ó jọ èèpá egbò tí itọ́ rin, kì í ṣe ọyún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ẹ máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́ yọ́ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má fi sítírọ̀ fa mínírà. Bí okùn ò bá jẹ́ èyí tó ń yọ́ fúnra ẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 7 ni wọ́n máa ń tú u. Ṣùgbọ́n tí ìrora bá ń ta dé etí, tí ẹnu ń rùn, tàbí ibà dé, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe é. Tí wíwú bá ń lọ sọ́rùn tí ẹ ò lè gbé itọ́ mì, ẹ má dúró de àárọ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà níbẹ̀, ẹ sáré lọ lóru ọjọ́ náà.