Ọmọ tó jẹ olú olóró: ẹ má tíì gbé e kúrò nílé ìwòsàn

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run yóò bá wa gbé e dìde. Ẹ ní ọmọ yín jẹ olú tí ẹ ṣa lábẹ́ igi óákù níbí ní Kalifọ́níà, pé èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá, ó sì ti ń béèrè oúnjẹ, kí ni wọ́n tún ń dá a dúró fún? Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí àìsàn wọn le, mo sì ti tọ́jú irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ara tu ọmọ yẹn gan-an ló máa ń já mi láyà jù.

Májèlé inú olú tí wọ́n ń pè ní death cap, tí iná ìdáná kò lè pa, sábà máa ń fara pamọ́ fún wákàtí 6 sí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èébì, ara ọmọ á fúyẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní omi sínú iṣan, òògùn èédú àti acetylcysteine tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀, tí wọ́n sì lè gba ìyọ̀ǹda pàtàkì fún silibinin, òògùn ẹ̀dọ̀ mìíràn tí ó ti mọ́ àwọn dókítà Jámánì lọ́wọ́ tipẹ́.

INR, tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì, ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá tó 2 lẹ́yìn fítámì K, tàbí 1.5 tí iyè ọmọ sì ti ń rá, ẹ̀dọ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn òbí máa ń yọ̀ bí ALT, èròjà tí ẹ̀dọ̀ tó ń bàjẹ́ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, bá já wálẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bí INR bá ń gòkè lákòókò kan náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tó kù láti tú u jáde ni ó ti ń tán. Ẹ má sì bínú bí wọn kò bá fa plasma, omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, sí i lára nígbà tí kò ṣẹ̀jẹ̀: nọ́ńbà lásán ni yóò tún ṣe, a kò sì ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé mọ́.

Bí ẹ̀dọ̀ bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń da ọpọlọ rú. Bí ọmọ bá ń sùn lọ́sàn-án tí ó ń ṣeré lóru, tí ó ń kanra láìnídìí, tàbí tí ó fi orúkọ ẹlòmíràn pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ìyá sábà máa ń rí i kí ẹ̀rọ tó rí i. Ẹ má fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù tàbí àgbo.

Ẹ béèrè lónìí, kí ó tó di pàjáwìrì, bóyá wọ́n lè pàrọ̀ ẹ̀dọ̀ ọmọdé níbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti bá ibi tó lè ṣe é sọ̀rọ̀. Nínú ènìyàn 14 tí olú yìí ṣe lọ́ṣẹ́ ní àríwá Kalifọ́níà ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, mẹ́ta ni wọ́n pàrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún. Gbogbo àwọn 14 náà ló yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ ọmọ kan fara gbá a. Ẹ bi dókítà ní INR ti àná àti ti òwúrọ̀ yìí, kí ẹ tó dárúkọ ilé.